Èsì Tó Wà Nínú Bọ́ọ̀lù

Nínú ìka mẹ́wàá tí Dinny Gaffney ní, kò sí méjì tó kọjú síbi kan náà. Bó bá na ọwọ́ sí ẹ láti kí ẹ, ìka kan á máa wo Boston, òmíràn á máa wo ilé ẹjọ́, àtàǹpàkò á sì ṣẹ́rí padà bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Iṣẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Òun ni ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ìlú Wexley gbà pé kó máa dúró lẹ́yìn onígi, ìyẹn ẹni tó ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá jù sí i, kó máa fi ọwọ́ lásán hán bọ́ọ̀lù tí onígi bá tàsé. Ọdún 1876 là ń wí. Ẹni tó bá wọ ìbọ̀wọ́ lọ sórí pápá nígbà náà, àwọn èrò ìwòran á bi í bóyá ìyá rẹ̀ ló ń bọ̀ wá gbé e relé. Ẹgbẹ́ ń sanwó fún Dinny lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, owó náà kì í pẹ́, ṣùgbọ́n láti Wexley títí dé odò Connecticut, kò sí bàbá ọmọbìnrin kankan tó gbà pé iṣẹ́ niṣẹ́ yẹn.

Èyí tí kò gbà jù nínú wọn ni Asahel Thurlow. Oníṣẹ́ awọ ni, ìjánu àti gàárì ẹṣin ló ń ṣe, ó sì jẹ́ olóòótọ́ débi pé bó bá ṣèèṣì tẹ ìrù ológbò mọ́lẹ̀, yóò lọ fẹjọ́ ara rẹ̀ sun pásítọ̀. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló ní, Keziah, ìyá ọmọ náà sì ti kú. Ojú fèrèsé ni Keziah máa ń jókòó sí láràárọ̀, á máa rán awọ mọ́ bọ́ọ̀lù fún ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bọ́ọ̀lù, bí ìdajì obìnrin ìlú náà ṣe ń ṣe. Àmọ́ rírán wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ tirẹ̀. Wọ́n ní bí màlúù tó ni awọ bá jí dìde lónìí, kò ní mọ ibi tí wọ́n ti gé òun.

Bọ́ọ̀lù ìdánrawò kan ló fò kọjá ọgbà, tó já sábẹ́ fèrèsé náà. Dinny sáré wá mú un. Nígbà tó fi máa dé, Keziah ti gbé e, ó ń yí i wò bí ẹni tó rí ìdin nínú ápù.

"Ta ló rán ìránkúrán yìí?"

Dinny ní òun ò mọ̀, bọ́ọ̀lù lòun mọ̀, òun ò mọ ìyá tó bí i.

"Ó dáa kó o mọ̀ pé èmi kọ́. Jẹ́ n rí ọwọ́ ẹ." Dinny na ọwọ́. Ọmọbìnrin náà wò ó títí. "Hẹn. Ẹni tó rán tìẹ náà ò mọ iṣẹ́."

Dinny rẹ́rìn-ín dé ilé, ó rẹ́rìn-ín sùn, nígbà tó jí láàárọ̀ ẹ̀rín náà ti di àìsàn sí i lára. Láti ọjọ́ yẹn ni gbogbo bọ́ọ̀lù ìdánrawò ti ń forí lé fèrèsé ilé Thurlow. Ó tó ìgbà mọ́kànlá lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo. Stroud, balógun ẹgbẹ́ wọn, tilẹ̀ ti ìka bọ ẹnu, ó nà án sókè, ó ń wá ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí.

Gbogbo ìfẹ́ ló nílò alárinà. Ẹni tó gba iṣẹ́ náà ni Àǹtí Hitty, ẹ̀gbọ́n Thurlow lóbìnrin, opó tó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin kó bọ́ọ̀lù tí àwọn obìnrin ti rán lọ sí ilé iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ Àǹtí Hitty pọ̀ débi pé etí ẹṣin rẹ̀ ti di látàrí rẹ̀. Ó jókòó ti àbúrò rẹ̀, ó ka ìwà rere Dinny sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: kì í mutí, kì í ta tẹ́tẹ́, ó ń fowó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Thurlow gbọ́ ọ tán. Lẹ́yìn náà ló fi awọ ọwọ́ rẹ̀ lélẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò sọ pé ọmọ burúkú ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ni ọkùnrin fi ń bọ́ aya. Ọdún márùn-ún sí i, ọwọ́ yẹn ò ní lè di ṣíbí mú. Ta ló máa wá máa fi oúnjẹ sí i lẹ́nu?"

Àǹtí Hitty ní ìfẹ́ kì í wo ìka.

"Oúnjẹ ń wò ó," ni Thurlow wí. Ó ní òun ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà mọ́, pé Lucius Fenn ti ń bi òun léèrè ọmọ náà, iṣẹ́ Fenn sì dájú. Ó dájú lóòótọ́. Pósí ni Fenn ń kàn tà. Bó bá ń kí ènìyàn pé ẹ kú àárọ̀, ojú rẹ̀ á ti wọn onítọ̀hún láti orí dé ẹsẹ̀.

Bí wọ́n ṣe pa alárinà lẹ́nu mọ́ nìyẹn. Keziah ò bá bàbá rẹ̀ jiyàn. Ó padà sójú fèrèsé, ó mú bọ́ọ̀lù kan, ó kọ ọ̀rọ̀ sórí pépà tó fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ awọ bọ́ọ̀lù, ó rán an pa. Òwú pupa ni wọ́n fi ń rán bọ́ọ̀lù. Keziah fi òwú búlúù rán ojú kan ṣoṣo nínú rẹ̀, kí ẹni tó yẹ kó mọ̀ lè mọ̀. Àǹtí Hitty gbé e fún Dinny pé kó fi ṣe ìdánrawò.

Ẹ̀yìn abà ni Dinny ti tú u. Inú pépà náà ni Keziah ti kọ ọ́ pé, "Bàbá mi ò fẹ́. Èmi ò tíì sọ pé mi ò fẹ́." Dinny kà á títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́. Ọ̀ràn tó kù ni pé ó gbọ́dọ̀ rán bọ́ọ̀lù náà padà, torí Stroud máa ń ka bọ́ọ̀lù bí ìyá adìyẹ ṣe ń ka ọmọ. Ó wá abẹ́rẹ́, ó fi èsì tirẹ̀ sínú, ó fi ìka wíwọ́ wọ̀nyẹn rán an. Nígbà tó parí, ojú rírán náà dà bí ẹnu arúgbó tó ń gé egungun. Àǹtí Hitty gbé e lọ fún Keziah.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ohun tó wà nínú bọ́ọ̀lù ni pé: "Mo rí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ, ó bà mí lẹ́rù. Ara ẹ ni kó o máa fa òwú sí, má fà á sókè. Mo rántí ẹ lánàá."

Báyìí ni bọ́ọ̀lù ṣe di alárinà wọn, láti ìgbà tí yìnyín yọ́ títí di ìgbà tí àgbàdo gbó. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ díẹ̀, ẹ̀kọ́ rírán awọ púpọ̀. Nígbà mìíràn èébú ni gbogbo rẹ̀. Dinny rán ogún, ó rán ọgbọ̀n, ó rán ogójì. Kò tilẹ̀ fura pé òun ń kọ́ṣẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù kẹjọ ni ẹgbẹ́ ńlá kan ní Hartford ránṣẹ́ pe Dinny. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni kó wọ rélùwéè. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Àǹtí Hitty gbọ́ pé Fenn ń bọ̀ wá jẹun nílé Thurlow lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, láti wá gba èsì ọ̀rọ̀ rẹ̀. Dinny ò sùn. Ó fi bọ́ọ̀lù kan ránṣẹ́, ìbéèrè kan ló wà nínú rẹ̀: "Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Ọjọ́ Tọ́sídeè ni èsì dé. Ọjọ́ náà ni Wexley àti ìlú Barrow fẹ́ pàdé lórí pápá.

Ní ayé ìgbà yẹn, bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Onílé ló ń pèsè rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá borí ló sì ń gbé e lọ: wọ́n á fi ọ̀dà wúrà kùn ún, wọ́n á kọ iye tí wọ́n fi borí sí i lára, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ sínú gíláàsì bí egungun ẹni mímọ́. Àárọ̀ ọjọ́ náà, ajá ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ gbé bọ́ọ̀lù tí Stroud ti pèsè sílẹ̀, ó bá a wọgbó. Stroud ń sáré kiri bí ẹni tí iná jó nídìí. Ó rí Àǹtí Hitty lórí kẹ̀kẹ́ ẹṣin, bọ́ọ̀lù tuntun kan wà lórí itan rẹ̀. Kò bèèrè. Ó dúpẹ́, ó sì gbé e lọ.

Nígbà tí Dinny fi máa dé ìdí kẹ̀kẹ́, ẹnu Àǹtí Hitty ṣì là sílẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú.

"Èsì ẹ ló wà nínú ẹ̀. Mi ò mọ ohun tó kọ. Ìwọ wá bó o ṣe máa gbà á."

Bí ẹni pé ìyẹn ò tíì tó, wọ́n wá rẹfirí. Nígbà yẹn, láàárín ìlú ni wọ́n ti ń yan ẹni tí ẹgbẹ́ méjèèjì bá fọkàn tán. Orúkọ kan náà ló sì jáde lẹ́nu wọn: Asahel Thurlow. Kò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n ó gbà pé ẹni tí wọ́n bá pè láti ṣèdájọ́ tí kò bá wá, ó ti dẹ́ṣẹ̀. Ó bọ́ sórí pápá pẹ̀lú fìlà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀.

Abala mẹ́sàn-án ni wọ́n ń gbá. Láti abala kìíní ni Dinny ti rí ojú òwú búlúù náà. Gbogbo ìgbà tí igi bá ba bọ́ọ̀lù, bí ẹni pé ẹ̀gbẹ́ òun ni wọ́n ń lù. Ìdáhùn ìyàwó ni wọ́n ń fi kóńdó nà káàkiri pápá yẹn. Ọ̀nà kan wà, ìyẹn ni pé bí rírán bọ́ọ̀lù bá tú, rẹfirí á ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Nígbàkúùgbà tí bọ́ọ̀lù bá ti dé ọwọ́ Dinny, á fi èékánná họ ọ́. Ó fi í họ òkúta, ó fi í ha irin bẹ́líìtì rẹ̀, ó tilẹ̀ dọ́gbọ́n gé e jẹ nígbà tó ń díbọ́n pé òun ń nu ẹnu. Òwú kan ò yẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn ọmọbìnrin tó mọṣẹ́, irú ìyà tó ń jẹ ẹ́ nìyẹn.

Ní abala karùn-ún, ó gbé e lọ bá rẹfirí.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà. Bọ́ọ̀lù yìí ti fẹ́ tú."

Thurlow wọ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó yí bọ́ọ̀lù náà lọ, ó yí i bọ̀. Àtàǹpàkò rẹ̀ dúró díẹ̀ níbì kan. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè wo Dinny lókè gíláàsì, ó wò ó bí ẹni tó ń wo awọ tó fẹ́ rà.

"Ọmọ mi ló rán eléyìí. Kò ní tú títí ìpè ìkẹyìn á fi dún. Padà síbi iṣẹ́ ẹ."

Ohun tó kù ni kí Dinny fi gbogbo agbára rẹ̀ gbá a, kí Wexley borí kí bọ́ọ̀lù lè jẹ́ tiwọn. Ó hán ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè hán. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ hán ẹyẹ ìbákà kan tó ń kọjá lọ. Àmọ́ ẹnì kan ò lè jẹ́ ènìyàn mẹ́sàn-án. Barrow fi ẹyọ àmì kan borí. Rusk, balógun wọn, tó jẹ́ afìlàṣòwò, gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ Stroud, wọ́n kígbe ọlá lẹ́ẹ̀mẹta, èsì Keziah sì wọ kẹ̀kẹ́ ẹṣin lọ sí ìlú kejì.

Ohun tó rọrùn ni kí Dinny lọ kan ilẹ̀kùn ilé Thurlow. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tó ń fi àyà gba bọ́ọ̀lù láìmí kanlẹ̀, ilẹ̀kùn pákó kan ló ń bà á lẹ́rù. Bí Keziah bá ti kọ̀ ńkọ́? Ṣé kí òun wá mú kó tún un sọ lójú bàbá rẹ̀? Bó bá sì ti gbà ńkọ́, tí òun lọ ba ọ̀rọ̀ jẹ́? Ó ní àfi kí òun kọ́kọ́ kà á.

Láàárọ̀ Fúráìdeè, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí Barrow, máìlì méjìdínlógún. Ó bá bọ́ọ̀lù náà nínú òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n fi okùn so ó kọ́, wọ́n ti fi ọ̀dà wúrà kùn ún, ọ̀dà ò tíì gbẹ. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n fún òun. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí abọ́ fi ń mì lórí tábìlì.

Rusk bi í pé kí ló fẹ́ fi bọ́ọ̀lù tó pàdánù ṣe.

"Nǹkan mi wà nínú ẹ̀."

"Bí ọkàn ẹ ló bá wà níbẹ̀, ó ti jóná, o rí bá a ṣe gbá a lánàá." Rusk ronú díẹ̀. Ó ní òun á fún un, bó bá lè fọwọ́ lásán hán àádọ́ta bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ Ham Dorr láìjẹ́ kí ẹyọ kan bọ́.

Ham Dorr ló ń jù fún Barrow, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń bá ènìyàn gbá, wọ́n máa ń bẹ̀ ẹ́ kó rọra. Bọ́ọ̀lù kan tó jù lọ́dún tó kọjá, wọn ò tíì gbọ́ ìró ìgbà tó balẹ̀. Ẹni tó ń hán fún un tẹ́lẹ̀ ti lọ ń sin oyin, ó ní oyin ní àánú jù ú lọ.

Wọ́n bọ́ sí ìta. Ìlú pé, wọ́n ń ka á. Nígbà tó di ogún, ọwọ́ Dinny ti wú bí búrẹ́dì nínú ààrò. Nígbà tó di ogójì, àwọn ará Barrow fúnra wọn ti ń ṣe ojú rere sí i, obìnrin kan ní kí Dorr ronú ọmọ ọlọ́mọ. Ìkọkàndínláàádọ́ta ṣẹ́ ìka kékeré rẹ̀. Ó wo ìka náà, ìka náà wò ó. Ó fi apá méjèèjì àti ikùn gba ìkàádọ́ta, ó sì dì í mọ́ra bí ọmọ tuntun títí wọ́n fi já a gbà.

Rusk ò yẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó gé okùn, ó gbé bọ́ọ̀lù fún un, ọ̀dà wúrà sì kùn ún lọ́wọ́ méjèèjì títí dé ọrùn ọwọ́.

Ó sùn sínú abà ẹnì kan lójú ọ̀nà. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé mọ́, ó jókòó lórí òkúta, ó fi ọ̀bẹ já òwú díẹ̀díẹ̀. Ó ṣí awọ sókè. Abala mẹ́sàn-án tí wọ́n fi kóńdó lu pépà yẹn kò lọ lásán: ó ti di ẹ̀kọ. Ó gbé e sí oòrùn, ó gbé e sí òjìji, ó tò ó bí ẹni tó ń to egungun ẹja. Kò sí lẹ́tà kan níbẹ̀ mọ́, àfi àbàwọ́n dúdú.

Ó jókòó síbẹ̀ títí màlúù kan fi wá wò ó, tí ó sì lọ. Lẹ́yìn náà ló dìde. Kò sí bọ́ọ̀lù mìíràn láti fara pamọ́ sí.

Ọ̀sán ti ń rọ̀ nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà iwájú ilé Thurlow. Òórùn ẹ̀wà tí gbogbo ilé máa ń sè ní Sátidé gba gbogbo àdúgbò. Ó fi ìgúnpá kan ilẹ̀kùn, torí ọwọ́ ò ṣe é fi kàn án. Àǹtí Hitty ló ṣí i. Thurlow wà nídìí tábìlì, Keziah wà lójú fèrèsé, abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì dúró lójú kan.

Dinny bọ́ fìlà. Ó gbé bọ́ọ̀lù tó là àti ìdì pépà náà sórí tábìlì.

"Ẹ má bínú, bàbá. Mi ò wá jà. Mo bi Keziah ní nǹkan kan, ó sì dá mi lóhùn, àmọ́ ìdíje jẹ ìdáhùn náà mọ́ mi lọ́wọ́. Mo wá béèrè ohun tó kọ. Bó bá jẹ́ pé ó kọ̀ ni, mo ń lọ nìyẹn."

Keziah wo pépà, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀.

"Mo kọ ọ́ pé: 'Gba ẹnu ọ̀nà iwájú wá, kó o bi mí lójú bàbá mi. Ó ti sú mi kí n máa bá awọ sọ̀rọ̀.'"

"Ó kúkú wá," ni Àǹtí Hitty wí.

Thurlow ti gbé bọ́ọ̀lù, ó ti wọ gíláàsì ojú, ó fi àtàǹpàkò lé ojú òwú búlúù. "Mo rí eléyìí lọ́jọ́ Tọ́sídeè. Ṣọ́ọ̀bù mi ni wọ́n ti ra òwú yìí."

Ẹnu ya Dinny. "Ẹ rí i, ẹ ò sì sọ nǹkan kan?"

"Rẹfirí ni mí lọ́jọ́ yẹn. Ohun tó o bi mí ni bóyá bọ́ọ̀lù tú. Kò tú." Ó yọ gíláàsì. "Ọwọ́ ẹ dà?"

Dinny nà án. Ó wú, ó ń dán bí ère, ìka kékeré sì dorí kodò. Thurlow mi orí. Ó ní ohun tí òun wí náà rèé, pé lónìí ló burú tó báyìí, ọ̀la ńkọ́. Lẹ́yìn náà ó ti bọ́ọ̀lù síwájú. "Ta wá ló máa rán eléyìí padà? A kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí nínú ilé yìí."

Keziah na ọwọ́ sí i. Dinny ní kó fún òun ní abẹ́rẹ́.

Ó rán an lórí ìdúró. Ẹ̀wà tutù, kò sẹ́ni tó bu ú. Ìka mẹ́ta péré ló ṣiṣẹ́, àwọn yòókù ń wòran, eyín ló fi ń fa òwú. Ara rẹ̀ ló ń fà á sí, kò fà á sókè. Nígbà tó parí, Thurlow gbà á. Ó fi èékánná tọ́ ọ, ó mú ẹ̀mú, ó fi ẹ̀mú fà á tagbáratagbára, bí ẹni tó ń fa eyín ẹṣin. Òwú náà ò mì.

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ọmọ yín ni, sà. Ogójì bọ́ọ̀lù ni mo fi kọ́ ọ."

"Lábẹ́ òrùlé mi?"

"Lábẹ́ awọ ni, sà."

Thurlow wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wo àjà. Thurlow fi ẹ̀mú lélẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dé ọ̀dọ̀ Fenn. Ẹ ní kó jẹun sílé ara ẹ̀ lọ́la." Ó fa àga kan síta fún Dinny. "Ọjọ́ tí wọn ò bá sanwó bọ́ọ̀lù fún ẹ mọ́, wá sí ṣọ́ọ̀bù."

Dinny ò tíì jókòó. Ó yíjú sí ojú fèrèsé. "Keziah, ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Màá fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n má tíì sún mọ́ mi, ọ̀dà ẹ ò tíì gbẹ."

Wọ́n ṣègbéyàwó kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀. Dinny gbá bọ́ọ̀lù ní Hartford fún ọdún kan, ó gbá a níbòmíràn fún méjì. Ìwé ìròyìn kan ṣoṣo ló kọ orúkọ rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ ní Gaffey. Nígbà tí ọwọ́ ò gbà á mọ́, ó padà sí Wexley, ó ń rán ìjánu lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá ìyàwó rẹ̀ títí irun rẹ̀ fi funfun. Lónìí, bó o bá dárúkọ rẹ̀ fún àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n á bi ẹ́ bóyá oníṣòwò ẹṣin ni.

Bọ́ọ̀lù náà wà lórí pẹpẹ nínú ilé wọn. Ọ̀dà wúrà ti ń bó lára rẹ̀. Apá kan, rírán Keziah ni. Apá kejì, ti Dinny. Òwú búlúù wà láàárín. Àlejò tó bá rí i máa ń bi í pé ìdíje wo ló ti borí tó fi gba irú rẹ̀.

"Barrow ló borí," ni Dinny máa ń dáhùn. "Ìyàwó kan àti ọmọ mẹ́rin ni mo gbà nínú pípàdánù ẹ̀."